Abọ́ Ẹja Ìyá Mutmainah

Èmi Ọláwùmí ni mo kọ ọ́, kì í ṣe Kóòṣì Lukman. Gbogbo ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tí Mutmainah gbà lórí Fesibúùkù lọ́dún 2009 yìí, ọwọ́ mi ló ti jáde, nínú kafé kan nítòsí Garage Ìkòròdú, lórí kọ̀ǹpútà kẹta sí ẹnu ọ̀nà. Láti ìgbà Ààwẹ̀ ló ti há mi lọ́fun bí egungun ẹja. Ẹ̀yin tí ẹ rí àwòrán ọmọbìnrin náà tí ẹ yìn ín, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ pé Kóòṣì já ọmọ ọlọ́mọ jù sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì àìsàn tí ẹ sì bú u, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ bó ṣe rí gan-an. Tí ẹ bá kà á tán, èmi ni kí ẹ bú.

Lukman Sàlàkọ́, ọmọ Ìmọ̀ta, ló ni jíìmù kékeré kan tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Ìgbògbò: irin gbígbé, kẹ̀kẹ́ méjì téèyàn ń wà lójú kan, àti dígí ńlá kan. Èmi ni mo ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí mo ń kọ orúkọ àwọn oníbàárà, tí mo sì ń mú wọn gun ìwọ̀n. Wọn ò pọ̀. Àwọn obìnrin á wá lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á ní itan ń dun àwọn, ó tán nìyẹn. Mo sọ fún Kóòṣì pé orí Fesibúùkù ni gbogbo èèyàn wà báyìí, kó jẹ́ kí n ṣí ojú ewé kan lórúkọ rẹ̀ kí n lè máa bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní irin lòun mọ̀, òun ò mọ kọ̀ǹpútà, kí n ṣáà máa pè wọ́n wá. Ohun tó gbà mí láyè láti ṣe ò ju ìyẹn lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Láti ilé ìwé girama ni mo ti ń ka ìwé ìfẹ́ pẹlẹbẹ, èyí tá a máa ń yá ara wa lábẹ́ tábìlì títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi já. Mo mọ ohun tí ọkùnrin arẹwà máa ń sọ nígbà tí òjò bá ń rọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi rí. Kóòṣì tí mo ń retí pé ó máa sọ ọ́, “Wùmí, nu dígí” ló máa ń sọ. Tí mo bá wá jókòó ní kafé, tí mo rí orúkọ rẹ̀ àti àwòrán rẹ̀ lókè, ọ̀rọ̀ tí mo ti kó pa mọ́ fún etí ara mi á bẹ̀rẹ̀ sí í ya jáde. Mo kọ sí ìyàwó ilé kan pé jíìmù kì í dùn lọ́jọ́ tí kò bá wá. Ọjọ́ kejì ló dé, ó sì mú àbúrò rẹ̀ dání. Kí oṣù tó parí, kẹ̀kẹ́ méjèèjì ò ráyè sinmi mọ́, Kóòṣì sì ń pè mí ní ọlọ́pọlọ.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni Mutmainah. Ó wá gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Ìgbògbò láti kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Ó sanra, ẹ̀rín ò jìnnà sí i lẹ́nu, Àǹtí Wùmí ló máa ń pè mí. Mo ya àwòrán rẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré ló lò, ó padà sílé. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ó yà kí wa, mi ò sì kọ́kọ́ dá a mọ̀. Egungun ọrùn rẹ̀ ti yọ, búbá rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lára rẹ̀. Mo bi í pé kí ló ṣe. Ó ní òun ò ṣe nǹkan kan, òun ń jẹun dáadáa, ara òun kàn ń lọ ni. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ: kò ṣe nǹkan kan. Kóòṣì ò sí nítòsí. Mo ní kó dúró síbi tó dúró sí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo tún yà á, mo to àwòrán méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé Kóòṣì Lukman ló sọ ọ́ di arẹwà. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, obìnrin mọ́kànlélógún ló ti wá forúkọ sílẹ̀.

Nígbà tí Mutmainah rí bí wọ́n ṣe ń yìn ín, ó kọ̀wé láti Ẹ̀pẹ́, ó ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Kóòṣì. Èmi ni mo dá a lóhùn lórúkọ Kóòṣì. Mo pè é ní ìmọ́lẹ̀ orí ọ̀sà. Mo ní Ìgbògbò ti ṣókùnkùn láti ọjọ́ tó ti lọ. Mo ní kó má pe fóònù jíìmù, pé létí àwọn oníbàárà kọ́ lòun ti fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀. Nígbà tó béèrè bóyá òótọ́ ni, mo kọ ọ́ pé tí Ààwẹ̀ bá ti parí, àwọn èèyàn òun á wá mọ àwọn èèyàn rẹ̀. Kí ló mú mi kọ ìyẹn? Ó dùn nígbà tí mo ń kọ ọ́ ni.

Ní Ẹ̀pẹ́, wọn kì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré. Ìyá rẹ̀, tí wọ́n ń jẹ́ Fàlílátù, ń ta ẹja ní etí ọ̀sà. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, wọ́n á di ẹja àrọ̀ yíyan sínú abọ́ tánganran funfun, wọ́n á fi aṣọ so ó, wọ́n á fún dẹ́rẹ́bà kan kó gbé e wá fún Kóòṣì. Wọ́n ní kó má pè láti dúpẹ́ o, pé ojú ń ti àna, ó di ọjọ́ tí wọ́n bá mọ ara wọn. Bí Kóòṣì ò ṣe mọ nǹkan kan nìyẹn. Èmi ni mo ń lọ gba abọ́ náà ní Garage. Mo ń se ẹja náà, mo ń jẹ ẹ́, mo ń lá ọwọ́. Mo dá abọ́ mẹ́ta padà. Ẹ̀kẹrin wà lọ́dọ̀ mi.

Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí Ààwẹ̀ parí nígbà tí Mutmainah kọ̀wé yìí sí Kóòṣì: “Òùngbẹ tó ń gbẹ mí ti ju ti ààwẹ̀ lọ. Tí a bá ti ṣínu, mo lè mu garawa omi tán, mo sì ń tọ̀ ṣáá. Ojú mi ń ṣú. Ìyá mi ní ti ààwẹ̀ ni, ṣùgbọ́n mo fẹ́ lọ sí ọsibítù. Kí lẹ rí sí i?” Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, obìnrin méjì ti wá sí jíìmù torí àwòrán rẹ̀. Mo rò ó pé tí dókítà bá ní àìsàn ló mú un rù, a gbé nìyẹn. Mo kọ ọ́ pé: “Olólùfẹ́ mi, ọ̀rá ara rẹ ló ń yọ́ jáde. Má lọ sí ọsibítù, oògùn wọn á mú ọ sanra padà. Fara dà á fún mi di ọjọ́ Ìtúnu.” Ẹ má sọ pé mi ò mọ̀. Bàbá mi àgbà, bí òùngbẹ ṣe ń gbẹ wọ́n nìyẹn, bí wọ́n ṣe ń tọ̀ nìyẹn, kí wọ́n tó gé wọn lẹ́sẹ̀. Àtọ̀gbẹ. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́.

Nígbà tí Ìtúnu ku ọ̀la ni Mutmainah ṣubú níbi tó ti ń ṣe àlùwàlá. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò lajú. Nígbà tí ìyá rẹ̀ pe jíìmù, Kóòṣì rò pé wọ́n kàn ń sọ fún wa nípa oníbàárà wa tẹ́lẹ̀ ni. Ó ní ká ra ọsàn, ká lọ kí i. Mutmainah ti jí nígbà tá a dé ọsibítù. Ó wo Kóòṣì, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, “Ẹ ti wá. Ọ̀rá náà ti yọ́ tán.”

Kóòṣì yíjú sí mi. “Ọ̀rá wo?”

Ìyá kí i káàbọ̀, wọ́n bi í bóyá ẹja tó kẹ́yìn ò ní iyọ̀ jù. Ó ní ẹja wo, Ìyá? Wọ́n ní ẹja tó ń jẹ láti oṣù kan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í búra pé òun ò jẹ ẹja kankan, òun ò kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni. Mutmainah yí ojú sí ògiri. Ìyá wo Kóòṣì títí, wọ́n wá sọ jẹ́jẹ́ pé, “Ó ti rí i pé ara ọmọ mi ò dá, ló wá ń sẹ́.” Tìrìmísíyù, àbúrò Ìyá, fà á létí aṣọ jáde. Èmi? Mo gbé ọsàn dání, mo tẹ̀ lé wọn jáde. Lójú ọ̀nà, Kóòṣì bi mí pé, “Wùmí, ṣé ìwọ ni?” Mo fi ẹ̀mí ìyá mi búra pé àwọn ọmọ yàhúù ló fi orúkọ rẹ̀ kọ̀wé. Ó gbà mí gbọ́. Àwọn ará Ẹ̀pẹ́ bú u lójú ewé wa títí àwọn oníbàárà fi sá. Ó ti kó irin rẹ̀ padà sí Ìmọ̀ta, àgbàlá bàbá rẹ̀ ló wà báyìí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, dẹ́rẹ́bà ọjọ́sí rí mi ní Garage, ó béèrè abọ́. Ó wá ní ọmọ náà ti kọ abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ, ó ti di ọjọ́ kejì, ó ń sọ pé ta lòun fẹ́ máa gún un fún, ṣebí abẹ́rẹ́ náà lọkùnrin rí tó sá. Mo lọ gbé abọ́ náà, mo wọ mọ́tò Ẹ̀pẹ́.

Mo kúnlẹ̀ níwájú Mutmainah àti Ìyá, mo sọ gbogbo rẹ̀, títí dórí ẹja. Mutmainah ò wò mí. Ó ní, “Kì í wá ṣe pé ó rí mi kó tó kọ̀ mí?” Mo ní kò kọ̀ ọ́, kò mọ̀ rárá ni. Ó bi mí pé èwo ló jẹ́ òótọ́ nínú gbogbo ohun tí mo kọ. Abọ́ tó wà lọ́wọ́ mi ni mo ń wò. Lẹ́yìn náà ló ká búbá rẹ̀ sókè, ó ní, “Ìyá mi, ẹ gbé abẹ́rẹ́ wá.” Ìyá gún un tán, wọ́n gba abọ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n tún un fọ̀, wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Wọn ò ṣépè fún mi. Wọ́n ní kí n máa lọ.

Kóòṣì, ẹ forí jì mí, iwájú àwọn tó bú yín ni mo ti ń bẹ̀ yín. Ẹ̀yin ọmọbìnrin, tí ọ̀rọ̀ dídùn bá ti ojú kọ̀ǹpútà wá, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohùn ẹni tó kọ ọ́. Mo ti yọ àwòrán náà kúrò, ṣùgbọ́n àwọn ẹlòmíì ti kó o. Ẹnì kan ń fi ta tíì tí wọ́n ní ó ń mú ikùn wọlé. Tí ẹ bá rí i, ọmọbìnrin tó sanra lápá òsì tó ń rẹ́rìn-ín yẹn, ara rẹ̀ le. Èyí tó wà lápá ọ̀tún tí ẹ̀ ń yìn yẹn, ó ń kú lọ ni.