Omi Ewúro Tí Mo Pè Ní Oògùn

Ọ̀rọ̀ yìí ti hewú nínú mi. Ẹ jẹ́ kí n pọ̀ ọ́ síta kí n tó kú. Sàfúrátù ni mí, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ará Ìwó tó ń gbé Ìsọlọ̀. Inú mi ń dùn bí mo ṣe ń kọ ọ́, torí ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ ọ́; ilé ẹ̀kọ́ àgbà ni mo ti kọ́ mọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà lọ́dún tó kọjá. Ṣùgbọ́n ayọ̀ yìí náà ló ń nà mí lẹ́gba.

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi gbálẹ̀ wọ́ọ̀dù, tí mò ń wẹ aláìsàn, tí mò ń kọrin fún wọn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ àwa tí a ń tọ́jú ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò gbóògùn mọ́ bí a ó ṣe máa fún un lóògùn ìrora nílé, wọ́n pè mí sí gbọ̀ngàn kan lẹ́bàá títì Àgọ́ Palace. Nọ́ọ̀sì Adébánjọ, tó ń kọ́ wa, gbé sìrínjì tí kò ní abẹ́rẹ́ sókè. Ó ní, “Ẹ wo ìlà ara rẹ̀ o. Tó bá kéré, ìrora ò ní lọ. Tó bá pọ̀ jù, ẹ ti fi oorun rán an lọ sọ́run nìyẹn. Wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, ẹ má dúró kó tó sunkún.” Èmi ò mọ nọ́ńbà kankan. Ibi tí ẹni tó jókòó tì mí bá fa omi dé, èmi náà á fà á débẹ̀. Wọ́n ní mo yege. Mo jó. Àgbàyà!

Wọ́n rán mi lọ sí Ire-Akari, sọ́dọ̀ Ìyá Tómilọ́lá, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí jẹjẹrẹ ti wọ egungun ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Bí mo bá fà á kọjá ààlà ńkọ́? Ìtìjú ò sì jẹ́ kí n bèèrè. Mo ti gbọ́ pé oògùn náà korò, mo bá fún ewúro sómi, òun ni mò ń fún un. Ojúlówó oògùn, mò ń dà á sí ṣáláńgá díẹ̀díẹ̀, kí tinú ìgò lè máa dín kù.

Ìyá ń ké, mò ń fi orin bò ó: “Ara ó tù yín o, ìyá wa, ara ó tù yín.” Àwọn ará ilé ní, “Àlàájà yìí mà mọ ìtọ́jú o!” Tómilọ́lá kúnlẹ̀, ó ní, “Màmá, Ọlọ́run á san án fún yín.” Nọ́ọ̀sì pè mí, ó ní ṣé ká fi kún un ni? Mo ní, “Wọ́n ń sùn dáadáa, mà.”

Èyí tó burú jù rèé. Lọ́jọ́ kejìlá, tíṣà di ọwọ́ mi mú. Ó ní, “Àlàájà, ẹ ò mọ ìlà yẹn kà, àbí? Irú yín ni mo fi ọdún márùndínlógójì kọ́. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ gbé e wá, kí n fi hàn yín.” Ẹni tí ìrora ń jẹ ló ń bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kóun kọ́ mi! Inú bí mi. Mo ní, “Èèwọ̀ ni. Aláìsàn kì í fọwọ́ kàn án.” Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló tún lò. Ó fi eyín fa ìrọ̀rí ya kó tó kú.

Lóṣù tó kọjá mo lọ bá Tómilọ́lá ní Ailegun, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní, “Màmá, ẹ̀ẹ̀melòó lójúmọ́?” Mo ní, “Ẹ̀ẹ̀mẹfà.” Ó wọlé, ó tilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ yìí lónìí, bí kò bá yé yín, ẹ nawọ́. Wọ́n á fi yín rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rín in. Tómilọ́lá, mo bẹ̀ ọ́. Ọlọ́run, mo bẹ̀ Ọ́. Tíṣà ti dárí jì mí kí n tó ṣẹ̀ ẹ́ tán, ìyẹn ni kò sì jẹ́ kí n sùn.