Bí Mo Ṣe Pa Ọrùn Súwẹ́tà Mercy

Ẹ jókòó kí n sọ ọ́, nítorí ó ti pẹ́ nínú mi débi pé ó ti ń bá mi jẹun nínú abọ́ kan náà. Èmi Jẹ̀mílátù, tí gbogbo Ajara mọ̀ sí Ìyá Onísúwẹ́tà, èmi tí ẹ máa ń gbọ́ ẹ̀rín mi lójú títì kí ẹ tó rí ìdí mi ńlá lẹ́nu ọ̀nà, mo ṣe ọmọ ọlọ́mọ níbi lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, mo sì fi ẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tí mo ṣe é fún gan-an kò mọ̀. Ṣe ló dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ti pé ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Mi ò fẹ́ gbé e wọ sàréè, torí mo sanra, ibẹ̀ á há fún àwa méjèèjì.

Iṣẹ́ wa rọrùn láti fẹnu sọ. Ẹ̀rọ wà lórí tábìlì, abẹ́rẹ́ tò sórí rẹ̀ bí eyín, èèyàn á máa ti orí ẹ̀rọ lọ, á máa fà á bọ̀, súwẹ́tà á sì máa gùn sílẹ̀. Ẹ̀yìn, iwájú, apá, ọmọ tó bá ní làákàyè á mọ̀ ọ́n láàárín oṣù mẹ́ta. Ọrùn ni wàhálà. Ọrùn ló ń sọ fún ayé bóyá ọ̀gá ló hun aṣọ tàbí ẹni tó ń gbìyànjú. Tó bá fún jù, orí ọmọ ò ní gba ibẹ̀. Tó bá fẹ̀ jù, èjìká á yọ síta. Tí ojú òwú tí a gbé lé abẹ́rẹ́ bá sì pọ̀ jù, á máa ká lérí ara wọn bí etí ewúrẹ́. Mo mọ ọrùn. Mo sì ti pinnu nínú ìkà mi pé èmi nìkan ni n ó máa mọ̀ ọ́n láti Ajara dé Aradagun. Nítorí náà, nígbàkúùgbà tí iṣẹ́ bá ti kan ọrùn, màá ní kí ọmọ iṣẹ́ lọ bá mi ra àgbọn. Wọ́n á lọ, wọ́n á bọ̀, ọrùn á ti parí. Ẹ wo bí mo ṣe tóbi. Àgbọn ló sọ mí dà báyìí. Tí wọ́n bá bèèrè, màá ní, "Ẹ máa wò ó, ẹ ó mọ̀ ọ́n." Kí ni wọ́n fẹ́ wò?

Mercy ìyàwó Zinsu apẹja wá láti Aradagun kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Ègùn ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó sì ti bí ọmọ kan. Ọdún méjì ló fi ra àgbọn fún mi láìkùn. Àṣé ó ń ronú. Ó ra súwẹ́tà òkìrìkà kan, ó jókòó sórí ẹní, ó tú ọrùn rẹ̀ ní ojú òwú kọ̀ọ̀kan, ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Oṣù kejì lẹ́yìn tó gba fúrídọ̀mù pé ó ti kọ́ṣẹ́ tán, ó gbé súwẹ́tà mẹ́ta wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ibereko ló ní kó mú àpẹẹrẹ wá, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ yẹn gan-an lèmi náà ń lé. Mo yí ọrùn ọ̀kan sínú, mo yí i síta. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọrùn náà dára ju tèmi lọ. Nídìí iṣẹ́ wa, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ọmọ bá dá ṣe gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ ọ̀gá kọjá: ọ̀gá á da aṣọ tútù bò ó, á fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ, á gbàdúrà sí i kó tó lọ sọ́dọ̀ oníbàárà. Ohun tó torí ẹ̀ wá nìyẹn. Ó ní, "Ìyá, ẹ bá mi fọwọ́ yín kàn án."

Mo ní, "Mercy, kọ́kọ́ lọ bá mi ra àgbọn." Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá, títí di òní?" Ó sì lọ. Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé òwú tí à ń lò kì í ṣe irun àgùntàn, òwú onírọ́bà ni. Iná ò gbọdọ̀ kàn án. Tí àyọ́ọ̀nù gbígbóná bá jókòó lé e lábẹ́ aṣọ tútù, kò ní jó, kò ní yí àwọ̀ padà, ó kàn máa kú ni. Yóò tẹ́ lórí tábìlì, ẹ ó ní ó dára, àmọ́ ẹ fà á lẹ́ẹ̀kan, kò ní padà mọ́ láéláé. Mo gbé àyọ́ọ̀nù kaná. Mo dúró tì í títí ó fi gbóná, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé Ṣàìtánì ló tì mí lójijì. Ṣàìtánì ráyè lọ jẹun kó sì padà. Mo gbé e lé ọrùn àkọ́kọ́, mo gbé e lé ìkejì, mo gbé e lé ìkẹta. Omi ń hó ṣìì. Mo ṣí fèrèsé kí òórùn rẹ̀ jáde. Mercy dé, ó wo iṣẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ wo bó ṣe tẹ́. Ọwọ́ yín yàtọ̀, Ìyá." Ó kúnlẹ̀. Mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo gbàdúrà fún un, àdúrà gidi, pẹ̀lú àgbọn tó rà lẹ́nu mi.

Òun fúnra rẹ̀ ló wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ibereko. Wọ́n fi súwẹ́tà wọ ọmọ kan. Ọmọ bọ́ ọ, ó tún un wọ̀, ọrùn fẹ̀ dé èjìká, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ kan ní, "Ṣé súwẹ́tà lèyí àbí àwọ̀n ọkọ yín lẹ gbé wá?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mercy jókòó níwájú mi, ó ní, "Ìyá, ọwọ́ mi ò dáa. Mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n ni." Ibí gan-an ló ti burú jù, ó burú ju àyọ́ọ̀nù lọ, torí mo ṣì láǹfààní àtisọ òtítọ́. Ohun tí mo sọ ni pé, "Ọmọ mi, kì í ṣe gbogbo ọwọ́ ló wà fún ọrùn. Padà sídìí ẹja." Ó ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá, ẹ ò tàn mí." Ó lọ da aṣọ bo ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń yan ẹja. Ilé ẹ̀kọ́ náà gbé iṣẹ́ fún mi.

Ẹ ó ní kí ló wá là mí lẹ́nu. Ojú mi ni. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí awọ funfun ti ń bo ẹyinjú mi, ìgbéraga ò sì jẹ́ kí n sọ. Mo ń fi ọwọ́ wá ọ̀nà nídìí ẹ̀rọ. Lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀ ọdún yìí, dókítà ká awọ náà kúrò. Àárọ̀ ọjọ́ kẹta, mo jókòó síta, àwọn ọmọ ilé ìwé ń kọjá nínú súwẹ́tà mi. Mo rí ọrùn tó wọ́ sí òsì. Mo rí èyí tó ṣe kókó níwájú bí gẹ̀gẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí ìtọ̀ fi fẹ́ já lára mi. Mo pe Ọláfúnkẹ́, ìyá ọ̀kan nínú wọn, mo ní, "Ṣé ẹ̀ ń rí nǹkan yìí?" Ó ní, "Ó ti tó ọdún mẹ́ta, Ìyá." "Ẹ ò sì sọ̀rọ̀?" "Kí la fẹ́ sọ? Ẹ ti ṣiṣẹ́ fún wa tipẹ́. A kàn ń fi pínnì há a lẹ́yìn ni." Ẹ̀rín kú mọ́ mi lẹ́nu. Odindi àdúgbò ń fi pínnì bo àṣìṣe mi kí ojú má baà tì mí, èmi sì fi iná pa ohun tó dára lọ́wọ́ ọmọ tó kúnlẹ̀ fún mi.

Mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí Aradagun lọ́jọ́ yẹn. Mercy wà nídìí ààrò, ó ń yí ẹja. Mo kúnlẹ̀, orúnkún mi dún, mo sì mọ̀ pé bí kò bá ṣàánú mi, ibẹ̀ ni n ó sùn, torí mi ò lè dá dìde. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó yí ẹja tó wà lórí ààrò tán kó tó lanu. "Ọdún mọ́kànlá, Ìyá. Mo sọ fún Motúnráyọ̀ ọmọ mi pé kó má kọ́ṣẹ́ ọwọ́ kankan, pé ọwọ́ burúkú ni mo bí mọ́ ọn." Mo ní, "Ọwọ́ rẹ dára ju tèmi lọ. Ìdí tí mo fi ṣe é nìyẹn." Ó wá ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá mi, ó fà mí, àwa méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lu ẹja. Ó ní, "Mi ò tíì dárí jì yín o. Mo kàn ń gbé yín dìde ni. Àwọn tó rẹ́rìn-ín nígbà yẹn, ẹ lọ sọ fún wọn."

Mo ti sọ ọ́ ní Ibereko. Olùkọ́ tó dárúkọ àwọ̀n ti di igbákejì olórí ilé ẹ̀kọ́. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nu ohun tí kò dọ̀tí. Mo sọ ọ́ nípàdé ẹgbẹ́ àwa onísúwẹ́tà. Mo ń kọ ọ́ síbí fún gbogbo ọmọ iṣẹ́ tó ti ra àgbọn fún mi rí, pẹ̀lú ohun tí mo jẹ yín. Tí ẹ bá dé ọrùn, ẹ fi òwú aláwọ̀ mìíràn gba ojú tó wà láàárín sílẹ̀ kó má baà tú, kí ẹ hun èjìká kan tán kí ẹ tó bọ́ sí èkejì, kí ìlà wọn dọ́gba. Níbi tí ọrùn ti dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, ẹ má gbé gbogbo ojú lé abẹ́rẹ́: nínú mẹ́rin, ẹ mú mẹ́ta, ẹ fo ọ̀kan. Kí nọ́ńbà ẹ̀rọ, tó ń sọ bí òwú ṣe máa fún tó, fún díẹ̀ ju ti ara aṣọ lọ, àmọ́ kí ẹ dẹ ọwọ́ tí ẹ bá ń dè é parí, torí orí ọmọ ni yóò gba ibẹ̀ kọjá. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nǹkan tí mo torí ẹ̀ pa ọmọ ọlọ́mọ lẹ́kún, ẹ ti kà á tán kí ẹ tó mí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dára ju tiyín lọ, ẹ sún mọ́ ọn kí ẹ kọ́ níbẹ̀. Ẹ forí jì mí. Mercy, forí jì mí.

Ọjọ́ Ajé tó kọjá, ọmọbìnrin gíga kan dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, ó kúnlẹ̀, ó ní Motúnráyọ̀ ni orúkọ òun. Mo ní, "Kí ni Màmá ní kí o sọ?" Ó ní, "Wọ́n ní kí ẹ kọ́ mi níṣẹ́, Ìyá. Wọ́n ní ọrùn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀."