Ṣáàfù Tí Mi Ò Yọ

Ẹ jókòó, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìyàwó mi, fi ilẹ̀kùn yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí afẹ́fẹ́ máa wọlé. Jẹ́jẹ́, gbé ẹsẹ̀ rẹ lé orí àpótí yẹn kó má baà máa dùn ọ́. Ìyàwó wa, sún mọ́ Jẹ́jẹ́ ọkọ rẹ. Ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dúró gbọ́. Ó ti pẹ́ nínú mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbà pé wọn yóò sin ín mọ́ mi ni, ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mi ò lè gbé e mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Mo mọ ara mi. Bí ẹ bá dá mi dúró, irọ́ ni n ó fi tẹ̀ síwájú. Tí mo bá sọ ọ́ tán, ẹni tó bá fẹ́ bú mi kó bú mi, ẹni tó bá fẹ́ dìde kó dìde.

Ẹ̀yin obìnrin kò bá wa dé ẹnu iṣẹ́ rí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Iṣẹ́ tí èmi àti Jẹ́jẹ́ ń ṣe nínú iṣẹ́ ológun ni pé ká lọ mú ọkọ̀ tó bá kú sójú ọ̀nà wálé. Bí ọkọ̀ akẹ́rù ńlá bá kú, tí kò ṣeé tún ṣe níbi tó wà, a ó lọ so ó mọ́ ìdí òmíràn tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, gbogbo táyà rẹ̀ á wà nílẹ̀, èyí tó yè á sì máa fa èyí tó kú lọ. A kì í fi okùn fà á. Ọkọ̀ tó wúwo tó bẹ́ẹ̀, bí tiwájú bá dúró, tẹ̀yìn á gùn ún mọ́lẹ̀ ni. Ọ̀pá irin kan tó nípọn bí apá akọni la fi ń so wọ́n pọ̀, tóòbáà là ń pè é. Ọ̀pá yìí kì í jẹ́ kí tẹ̀yìn sún mọ́ tiwájú jù, kì í sì í jẹ́ kó jìnnà sí i. Mo mọ iṣẹ́ yẹn. Kí irùngbọ̀n mi tó kún ni wọ́n ti ń pè mí ní Baba Tóòbáà. Bí mo bá gbọ́ orúkọ yẹn, bí ẹni pé wọ́n fi mí joyè ni.

Ìgbà náà ni wọ́n mú Jẹ́jẹ́ wá. Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́. Kò pẹ́ tí gbogbo wọ́kìṣọ́ọ̀bù fi ń pè é ní Jẹ́jẹ́, nítorí bó bá ń fa ọkọ̀ òkú, èèyàn lè gbé ife omi sí iwájú ọkọ̀ náà kí omi má dà. Èmi, bí mo bá ń fà á, gbogbo ọ̀nà ló máa ń mọ̀. Mo kọ́kọ́ bá wọn rẹ́rìn-ín sí i. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà bẹ̀rẹ̀ sí í korò lẹ́nu mi. Ẹ fẹ́ mọ ibi tí ìlara mi ti bẹ̀rẹ̀? Nínú àwo oúnjẹ ni. Kúkù tó ń se oúnjẹ fún wa, ọkùnrin sísanra tó máa ń kọrin nídìí ìkòkò, ó fẹ́ràn Jẹ́jẹ́. Mo máa ń wo ẹran tó bá bù fún un, n ó wá wo tèmi. Ẹ rẹ́rìn-ín, kò burú. Àgbàlagbà tó níyàwó nílé, tó ń fi ojú wọn ẹran nínú àwo ọmọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ìyàwó mi, ìwọ náà wà níbẹ̀, bó o tilẹ̀ jẹ́ pé o kò mọ̀. Ṣé o rántí ìgbà tí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ bàjẹ́? Mo fi agbára yí i títí mo fi ba ibòmíràn jẹ́ lára rẹ̀. Jẹ́jẹ́ wá kí wa, ó jókòó tì í, ó fi òróró díẹ̀ sí i, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣọ. O wá sọ pé, "Ọwọ́ ẹni yìí mà rọ̀ o, baálé mi. Kì í bá nǹkan jà." Ọ̀rọ̀ lásán lo sọ. Ṣùgbọ́n mo sọ fún ọ lálẹ́ ọjọ́ náà pé inú ń run mí, mi ò jẹun. Inú kò run mí. Ọ̀rọ̀ rẹ ni mo ń jẹ, tí mò ń pọ̀, tí mo tún ń jẹ. Láti ọjọ́ náà, bí o bá bu omi fún un, màá wo bí ife náà ṣe kún tó.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀gá wa pè wá sí ọ́fíìsì. Ẹni tó ń darí wa fẹ́ fẹ̀yìn tì, mo sì ti mọ̀ lọ́kàn ara mi pé èmi ló kàn. Ọ̀gá ní, "Baba Tóòbáà, o mọ iṣẹ́, kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ le, ẹnu rẹ náà le. Jẹ́jẹ́ ni yóò máa darí yín." Mo kí ọ̀gá bí ológun ṣe ń kí ọ̀gá rẹ̀, mo sì jáde. Jẹ́jẹ́ sáré tẹ̀ lé mi, ó mú mi lápá. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Orúkọ lásán ni wọ́n fún mi. Ẹ̀yin náà lẹ ṣì ni iṣẹ́." Ká ní ó fẹ́lá sí mi ni, ara ìbá tù mí, màá sì rí ìdí tí mo fi kórìíra rẹ̀. Ìwà rere rẹ̀ gan-an ló ń jó mi bí ata lójú. Mo ní kò séwu. Mo rẹ́rìn-ín sí i. Mo kúkú ti mọ ẹ̀rín yẹn rín dáadáa.

Ẹ wá gbọ́ báyìí. Ọkọ̀ tó ń kó ìkòkò àti ààrò Kúkù kú sójú ọ̀nà níbi tí àwọn ọmọ ogun ti ń kọ́ ìjà, wọ́n sì ní ká lọ fà á wálé. Nígbà tí a débẹ̀, Kúkù ti jókòó sí iwájú ọkọ̀ òkú náà, ó ní òun ò ní fi ìkòkò òun sílẹ̀. Jẹ́jẹ́ ní, "Ẹ sọ̀ kalẹ̀, Kúkù wa. A kì í jókòó sínú ọkọ̀ tí wọ́n bá ń fà. Ẹ wá bá mi jókòó nínú ọkọ̀ tiwájú." Kúkù gbà, ó sọ̀ kalẹ̀. Jẹ́jẹ́ pín iṣẹ́. Òun fi ọwọ́ ara rẹ̀ so tóòbáà, ó kọ́ ẹ̀wọ̀n ààbò, ó so rọ́bà afẹ́fẹ́ tí yóò jẹ́ kí bíréèkì ọkọ̀ ẹ̀yìn máa ṣiṣẹ́. Èmi ni ó ní kí n wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ yọ ṣáàfù. Ṣáàfù ni irin gígùn tó so ẹsẹ̀ ọkọ̀ mọ́ jíà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, òróró kì í yí ká inú jíà mọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń fa ọkọ̀ náà, táyà á máa yí ṣáàfù, ṣáàfù á máa yí jíà ní gbígbẹ, títí yóò fi gbóná, tí yóò sì há. Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ yọ ọ́. Èmi fúnra mi ni mo kọ́ Jẹ́jẹ́ ní èyí.

Mo wọ abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú sípánà. Mo tú ọ̀kan nínú àwọn bóòtù tó de ṣáàfù náà. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo gbọ́ tí Jẹ́jẹ́ àti Kúkù ń rẹ́rìn-ín, tí ẹlòmíràn ń pe Jẹ́jẹ́ ní ọ̀gá. Ọ̀gá. Mo fẹ̀yìn lélẹ̀ nínú eruku. Mo wá mú bóòtù tí mo ti tú, mo dì í padà, mo dì í le. Mo ní kí jíà jó, kí ọ̀gá wá rí ohun tí ọwọ́ rírọ̀ ń fà. Jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ṣáàfù ti kúrò?" Mo ní ó ti kúrò. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n." Kò yọjú wò ó. Ta ló ń yọjú wo iṣẹ́ ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́?

Wọ́n gbéra. Èmi ń tẹ̀ lé wọn nínú ọkọ̀ kékeré tó kó irinṣẹ́ wa. Kò pẹ́ púpọ̀ tí mo fi rí èéfín tó ń yọ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ òkú náà. Òórùn irin gbígbóná wọ imú mi. Ọwọ́ mi wà lórí fèrè ọkọ̀, ẹ gbọ́ mi o, orí fèrè gan-an ni ọwọ́ mi wà. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ báyìí, Jẹ́jẹ́ á dúró, kò ní sí ohun tó máa ṣe ẹnikẹ́ni. Mo ní kó jó díẹ̀ sí i. Mo gbọ́ ara mi tí mò ń sọ ọ́ jáde lẹ́nu nínú ọkọ̀ tí kò sí ẹlòmíràn: kó jó díẹ̀ sí i. A dé ibi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀ẹ́rẹ́ wálẹ̀, jíà sì há. Táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ òkú náà dúró gbagidi, ọkọ̀ náà yí ìdí, ó sì fi tóòbáà gbá ìdí ọkọ̀ tiwájú kúrò lójú ọ̀nà. Ọkọ̀ Jẹ́jẹ́ dojú dé sínú kòtò. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí Kúkù jókòó sí ló wà nísàlẹ̀. Ìkòkò rẹ̀ ń yí gbirigbiri káàkiri ojú ọ̀nà nígbà tí mo sáré débẹ̀. Kúkù ti kú. Jẹ́jẹ́ kò mọ ibi tó wà, eegun ìdí rẹ̀ ti fọ́.

Ẹ lè rò pé ìyẹn ló burú jù. Rárá. Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ń wádìí ọ̀rọ̀ náà jókòó, wọ́n ti rí i pé ṣáàfù wà níbẹ̀. Wọ́n bi mí léèrè. Mo ní, "Mo fẹ́ yọ ọ́, ọ̀gá. Jẹ́jẹ́ ló ní kí n fi sílẹ̀, pé ọ̀nà kò jìn." Mo sì mọ̀ pé bí Jẹ́jẹ́ bá lajú, yóò sọ òtítọ́, mo ti ń wá irọ́ kejì sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó lajú ní ilé ìwòsàn, òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn ti parẹ́ ní orí rẹ̀. Èmi ló bi. "Ẹ̀gbọ́n, kí ló ṣẹlẹ̀?" Mo fa àga, mo jókòó, mo sì sọ irọ́ náà fún un lójú. Ó kọjú sí ògiri. "Èmi ni mo ní kí ẹ fi sílẹ̀?" Mo ní òun ni. "Ẹ ò bá mi jiyàn?" Mo ní mo bá a jiyàn. Ó ní, "Ó yẹ kí n gbọ́ tiyín, Ẹ̀gbọ́n." Jẹ́jẹ́, o di ọwọ́ mi mú, o sì sunkún sí i. Èmi sì ń dúpẹ́ nínú ara mi.

Wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n fi mí sí ipò rẹ̀. Mo bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n má fi í sẹ́wọ̀n, ó sì ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi títí di òní. Kò wakọ̀ mọ́ láyé rẹ̀. Ìyàwó wa, ìwọ lo mọ bó ṣe máa ń jí lójijì tí yóò máa bẹ Kúkù. O sì mọ bó ṣe ń lọ sọ́dọ̀ ìyá Kúkù, tó ń bá a tún òrùlé ṣe, tó ń bá a pọn omi, pẹ̀lú ẹsẹ̀ yẹn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá tí ẹsẹ̀ náà le, èmi ni mo fi ọkọ̀ gbé e lọ. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Màmá náà fọwọ́ wá ojú rẹ̀, nítorí kò ríran mọ́, ó ní, "Mo ti dárí jì ọ́ tipẹ́, ọmọ mi. Sọ ẹrù yẹn kalẹ̀." Jẹ́jẹ́ sunkún bí ọmọdé. Ṣé ẹ mọ ohun tó wọ inú mi? Ìlara ni. Mò ń jowú ìdáríjì. Mo ní tèmi ni, èmi ni mo pa ọmọ rẹ̀, tèmi ni wọ́n ń fún ẹlòmíràn. Màmá wá bèèrè ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Jẹ́jẹ́ ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ni, Màmá. Òun nìkan ló dúró tì mí." Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún mi, ó mẹ́nu kan àwọn ọmọ mi tí kò mọ̀. Mi ò lè ṣe àmín.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ó gbọ́ èyí lẹ́nu ìyá yín, bí ẹ bá rí ẹni tó ń ṣe nǹkan dáadáa jù yín lọ, tí ó sì ń dùn yín, ẹ yára sọ fún un pé ó ń dùn yín. Ojú á tì yín díẹ̀, á sì tán. Èmi kò sọ ọ́. Lọ́la n ó lọ sọ́dọ̀ Màmá, n ó sọ fún un, kí n tó lọ sọ fún àwọn ológun. Mi ò bẹ̀ ọ́ pé kí o dárí jì mí lónìí, Jẹ́jẹ́. Bí ó bá ṣeé ṣe, bá mi lọ, kí Màmá lè gbọ́ ọ níṣojú rẹ. Bí o kò bá lè jókòó sínú ọkọ̀ kan náà pẹ̀lú mi mọ́, ó yé mi. Ṣùgbọ́n wo ojú mi kí o tó dìde. Gbogbo ọdún tó o fi ń bẹ òkú, o kò jẹ ẹ́ ní ẹ̀bẹ̀ kankan. Ìwọ kọ́ lo pa Kúkù. Kò fìgbà kan jẹ́ ìwọ.