Àlejò Ilé Alhaja Zùwáírátù

Òtítọ́ yìí gbọ́dọ̀ jáde kí n tó lọ. Èmi Akíndúró, tíṣà èdè Faransé tẹ́lẹ̀ rí, ni mo ń sọ̀rọ̀. Dókítà ti sọ fún mi pé ẹ̀dọ̀ mi ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, mo sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. N kò fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè, nítorí ẹlòmíràn ni ó ń ru ẹ̀bi mi láti ọdún méje wá. Ẹ má wá omijé lójú mi. Mo ti pẹ́ jù nídìí irọ́ kí n tó wá máa sunkún.

Ní ọdún 1992, wọ́n fi ọmọbìnrin kan ránṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ wa ní Bódìjà láti máa ran àwa tíṣà lọ́wọ́ nídìí èdè Faransé. Sólánjì ni orúkọ rẹ̀. Erékùṣù kan tó wà lábẹ́ àwọn Faransé ni ó ti wá. Ó dúdú bíi tiwa, ṣùgbọ́n kò gbọ́ Yorùbá rárá, Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ ni ó sì gbọ́. Èmi ni ọ̀gá wa fà á lé lọ́wọ́. Mo bá a gba yàrá kan ní Àgbowó, nílé Alhaja Zùwáírátù, opó kan tó jẹ́ ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé. Àwọn àti Nasrullah ọmọ wọn, tó ń kàwé ní pólì nígbà náà, àti àwọn ayálégbé mélòó kan ni wọ́n jọ ń gbé ilé ọ̀hún.

Kí n tó mọ̀, mo ti tipasẹ̀ rẹ̀ di èèyàn ńlá ládùúgbò. Bí mo bá ń kọjá, wọ́n á ní, "Tíṣà òyìnbó, ẹ kú iṣẹ́ o!" Èmi ará Ọ̀wọ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í kí tẹ́lẹ̀! Adùn rẹ̀ wọ̀ mí lára. Mo wá rò ó pé bí Sólánjì bá fi lè mọ èèyàn, kò ní nílò mi mọ́. Wọ́n ní àlejò lójú, kò fi ríran. Èmi ni mo sọ ara mi di ojú rẹ̀. Ìmọtara-ẹni-nìkan ni, n kò ní orúkọ mìíràn fún un.

Ní ọ̀sẹ̀ tí Sólánjì dé, ó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ láàárọ̀, á máa wo bí àwọn obìnrin ilé ṣe ń kúnlẹ̀ kí Alhaja. Ó bi mí bóyá kí òun náà lọ kúnlẹ̀. Mo ní, "Má ṣe é o. Wọ́n á rò pé ò ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Níbí, àlejò kì í lọ bá onílé àfi bí wọ́n bá pè é." Ó gbà mí gbọ́. Ta ni ìbá tún bi? Mo bọ́ síta, mo sọ fún Alhaja pé ní ilẹ̀ tiwọn, ìwọ̀sí ni kí èèyàn wọlé tọ ẹni tí kò pè é. Alhaja ní, "Áà, irú ayé wo nìyẹn? Ṣé wọn kì í ṣàìsàn ni?" A jọ rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, Alhaja gbé mọ́ínmọ́ín sàráà ránṣẹ́ sí i. Èmi ni mo pàdé abọ́ náà lọ́dẹ̀dẹ̀. Mo jẹ ẹ́ tán, mo fọ abọ́, mo dá a padà. Mo ní, "Ó ní ẹ ṣé, ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe yọ ara yín lẹ́nu mọ́." Ojú Alhaja fà ro. "Ó dáa náà," ni wọ́n wí. Mọ́ínmọ́ín náà dùn. Ẹ wo irú èèyàn tí mo jẹ́.

Sólánjì bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ìdí tí ẹnikẹ́ni kì í fi í rẹ́rìn-ín sí òun nínú ilé. "Ṣé mo ṣẹ̀ wọ́n ni?" Mo ní bí wọ́n ṣe rí nìyẹn.

Kò tíì lò ju bí oṣù kan lọ tí ibà fi dá a gúnlẹ̀. Mo bá a lórí ibùsùn, ó ń gbọ̀n, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Ó ní, "Bá mi pe ìyá onílé. Jọ̀ọ́. Kí wọ́n wá jókòó tì mí." Mo ní ó dáa. Mo jáde, mo pa ilẹ̀kùn dé. Alhaja fúnra wọn ló dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Tíṣà, àlejò wa ò mà jáde látàárọ̀. Ṣé kò sí nǹkan? Ẹ jẹ́ n wọlé lọ wò ó." Nasrullah wà nílé lọ́jọ́ náà, ó sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Bí wọ́n bá wọlé, ọ̀rọ̀ á dọ́rọ̀, gbogbo irọ́ mi á tú. Mo ní, "Kò sí nǹkan kan, Alhaja. Ó ń sinmi ni. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má kan ilẹ̀kùn òun." Wọ́n ní, "Háà. Kí Ọlọ́run fún un ní àlàáfíà." Wọ́n padà. Mo ti sọ fún Sólánjì pé màá ra oògùn bọ̀. Ibi ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní Àpáta ni mo gbà lọ, mo sì sùn síbẹ̀. Mo ń sọ fún ara mi pé ibà kì í pa àgbàlagbà.

Nígbà tí mo fi dé lọ́jọ́ kẹta, Nasrullah ti fi èjìká ti ilẹ̀kùn títí ó fi já, nítorí wọ́n gbọ́ tí ó ṣubú lulẹ̀ nínú yàrá. Kò mọ ẹni tó gbé e dé ilé ìwòsàn; wọ́n fa omi oògùn sí i lára, ẹ̀mí rẹ̀ kò bọ́. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ méjèèjì di, kò sì là mọ́. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ pé kó gbọ́ èdè lẹ́nu ọmọ ilé ẹ̀kọ́, kó bá a tún un ṣe.

Lọ́jọ́ tí àwọn tó fi í ránṣẹ́ wá mú un padà sí ìlú rẹ̀, Alhaja dì mọ́ ọn, wọ́n sunkún. Wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó foríjì mí. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wa, n kò sì wọlé tọ̀ ọ́." Nítorí pé kò gbọ́ràn mọ́, mo ní láti kọ ọ́ sórí bébà fún un ní Faransé. Ohun tí mo kọ ni pé, "Ìyá onílé ní ó dàbọ̀." Ó kà á, ó mi orí, ó di ọwọ́ mi mú ṣinṣin, ó ní èmi nìkan ni òun ní ní Ìbàdàn. Mo gba ọpẹ́ náà.

Láti ìgbà yẹn, gbogbo oṣù Ààwẹ̀ ni Alhaja ń ṣe sàráà, tí wọ́n ń bẹ Ọlọ́run nítorí àlejò yẹn. Mo mọ̀. Mo ti jẹ níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì wá sí Mọ́níyà níbi tí mo dùbúlẹ̀ sí. Wọ́n jókòó tì mí, wọ́n ní, "Tíṣà, mo ti jẹ́ kí aláìsàn kan dá nìkan sùn rí. Kò tún ní ṣẹlẹ̀ sí mi mọ́, ìnṣáláhù." Nígbà tí wọ́n lọ, mo ní kí wọ́n fún mi ní bébà àti bíró.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí Nasrullah ka èyí sí wọn létí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí wọ́n bá fi àlejò lé yín lọ́wọ́, ẹ fà á lé àwọn ará ilé lọ́wọ́, kí ẹ sì yàgò. Alhaja, n kò ní kí ẹ tún wá kí mi mọ́. Bí ẹ bá lè foríjì mí, ẹ foríjì mí. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run mọ́ nítorí ọmọ yẹn. Ó ránṣẹ́ pè yín. Èmi ni kò jíṣẹ́.