Èmi Ni Mo Ń Mi Orí Nínú Ẹ̀rọ

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìyá wọn, gbé aṣọ tí ò ń ká yẹn sílẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ kan há mi lọ́fun, ó sì ti pẹ́. Mo fẹ́ sọ ọ́ lónìí, kí oúnjẹ lè rí ibi kọjá.

Ẹ mọ̀ pé wọ́n fi ìtànṣán jó kókó inú ọpọlọ mi, ó sì lọ. Nígbà tó yá, orí fífọ́ padà dé, ife bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lọ́wọ́ òsì mi. Dókítà ní ó lè jẹ́ kókó yẹn ló tún hù, ó sì lè jẹ́ pé ìtànṣán ọ̀hún ló ṣe ọpọlọ léṣe, èyí tó ní oògùn. Ó ní ẹ̀rọ olóòfà ńlá tó ń ya àwòrán inú orí ló máa jẹ́ ká mọ̀, bí mo bá lè dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́.

Èmi kúkú ti dá ara mi lẹ́jọ́: kókó ni. Ìyá yín, tí àìsàn mi ti pa lẹ́nu mọ́ tẹ́lẹ̀, sì ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ń kọrin nínú balùwẹ̀ ni, pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tí kò dùn rárá, tí mo fẹ́ràn ju ohunkóhun lọ. (Má wò mí bẹ́ẹ̀, ìwọ náà mọ̀ pé kò dùn.) Mi ò fẹ́ kí àwòrán kankan pa á lẹ́nu mọ́.

Ẹ rántí ọmọbìnrin ìdí ẹ̀rọ, tí a sọ ní Má-mira. Kò ní ọ̀rọ̀ méjì: “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mira.” Á fi fóòmù há mi lórí, á fi aṣọ bò mí lẹ́sẹ̀ torí òtútù. Bí ẹ̀rọ bá ti ń pariwo, èmi àgbàlagbà á rọra mi orí, màá tún húkọ́ èké. Àwòrán á jáde bàìbàì.

“Àbí nǹkan ń yún yín ni, Bàbá?”

“Ó tì o, ọmọ mi. Bóyá ẹ̀rọ yín ni ara rẹ̀ ò yá.” Ojú ò tì mí!

Nígbà tí àwòrán tún bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ìyá yín fárígá níwájú gbogbo èèyàn. “Ìwọ ọmọ yìí, ta ló gbà ọ́ síṣẹ́? Ṣé orí ọkọ mi lo fi ń kọ́ṣẹ́?” Ọmọ náà wò mí. Ó mọ̀, mo rí i lójú rẹ̀, kò sì tú àṣírí mi. Ọ̀gá rẹ̀ bi mí pé, “Bàbá, ṣé ẹ mira?” Mo wo ojú ọmọ ọlọ́mọ, mo ní, “Rárá o.” Wọ́n yọ ọ́ nídìí ẹ̀rọ, wọ́n ní kó lọ máa pe orúkọ àwọn aláìsàn lẹ́nu ọ̀nà. Ìkà ni mí.

Nígbà tí a tún padà lọ, ìyá yín ní òun ò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́. Ó bọ́ yẹtí, ó bọ́ òrùka, torí òòfà, ó wọlé tọ̀ mí, ó di ẹsẹ̀ mi mú. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mira? Àwòrán jáde kedere: ìtànṣán ni, kì í ṣe kókó. Mo ń lo oògùn, orí ò fọ́ mi mọ́. Ọwọ́ òsì nìkan ni dókítà ní a ti pẹ́ jù fún. Ẹ̀yin wá ń bú Má-mira nítorí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe ara mi.

Lọ́la, màá lọ bá ọ̀gá yẹn, màá ní irọ́ ni mo pa, kí wọ́n dá ọmọ náà padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Màá bẹ òun náà. Ẹ̀yin ọmọ, bí dókítà bá fẹ́ wò yín, ẹ jẹ́ kó wò yín dáadáa, ẹ má fi ìfẹ́ bojú bíi tèmi.

Ìyá wọn, má tíì padà sídìí aṣọ yẹn, jọ̀ọ́. Bú mi bí o ṣe bú Má-mira.