Wọ́n Ní Ìdájọ́ Náà Dúró

Ìyà tí àwọn rẹfirí yẹn fi jẹ ọmọ mi, bí wọ́n bá fi jẹ òkúta, òkúta náà á lọ wá lọ́yà. Láti ọjọ́ ọdún tuntun ni mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri, mo ti sọ ọ́ fún pásítọ̀, mo ti sọ ọ́ fún ẹni tó ń ta epo ọkọ̀, mo ti sọ ọ́ fún ajá aládùúgbò, gbogbo wọn ló ní kí n gbàgbé ẹ̀, àfi ajá nìkan ló gbọ́ mi dópin. Ìyẹn ni mo ṣe ní ó dáa, kí n kúkú lọ sọ ọ́ fún ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Má wulẹ̀ dá mi lóhùn. Ìyá rẹ ti ṣàlàyé fún mi lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ lọ ra kọfí, wọ́n ní wáyà ni dókítà fi so eyín òkè rẹ mọ́ tìsàlẹ̀, wọ́n ní kí n ṣáà má pa ọ́ lẹ́rìn-ín. Mo ní màdáàmù, ẹ fọkàn balẹ̀, ohun tí mo gbé wá kò ní ẹ̀rín nínú.

Otha Gilliam ni orúkọ mi. Èmi ni bàbá tó bí bàbá Marquel. Bẹ́ẹ̀ ni, Marquel yẹn, nọ́ńbà mọ́kànlélógún nínú ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alákoto ti Yunifásítì Calloway, ẹni tó kọlù ọ́ lórí pápá. Mú ọwọ́ kúrò lórí aago nọ́ọ̀sì yẹn, Brecken ọmọ mi. Arúgbó tó ní orúnkún bíi tèmi kì í lọ bá èèyàn jà lórí ibùsùn, mi ò tiẹ̀ lè gun ibùsùn yẹn. Ọkọ̀ òkú ni mo wà ní ìlú wa ní Alabama títí mo fi fẹ̀yìn tì, gbogbo ayé mi ni mo fi bá ẹni tí kì í fèsì sọ̀rọ̀, kò sì sí èrò mi kan tó ṣàròyé rí pé mo sáré jù. Nítorí náà ara tù mí lọ́dọ̀ rẹ. Má bínú, mi ò ní o jọ wọ́n.

O rántí bó ṣe ṣẹlẹ̀? O ò rántí. Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, pé àárọ̀ ọjọ́ náà lo rántí mọ. Ó dáa, èmi á sọ ọ́ fún ọ, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ fún ọ lọ́nà mìíràn. Ìpele tó kángun sí àṣekágbá ni, ẹni tó bá borí ló ń lọ du ife, ìlàjì àkọ́kọ́ sì ti ń parí lọ. Ẹ̀yin Northmoor ń tì wá bọ̀. Ọmọ onírun pupa tó ń ju bọ́ọ̀lù fún yín jù ú sí ọ, ó sì jù ú nísàlẹ̀ jù, bí ẹni tó ń ju egungun fún ajá. Marquel ń sáré bọ̀ láti ẹ̀yìn, òun ni ẹ̀ṣọ́ ìkẹyìn wa, bí ẹnikẹ́ni bá kọjá rẹ̀ ó ti bọ́ sílé nìyẹn. Àyà rẹ ló fojú sùn. Èmi ni mo kọ́ ọ, ní àgbàlá mi, mo so àpò ìyẹ̀fun rọ̀ sórí igi, mo ní gbé orí sókè, wo ohun tí o fẹ́ gbá, ẹni tí kò wo ohun tó ń gbá, ohun náà ló máa gbá a. Ó gbé orí sókè. Ó ń wo àyà. Ìwọ wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gba bọ́ọ̀lù burúkú yẹn nílẹ̀, àyà kúrò níbẹ̀, orí wá rọ́pò rẹ̀. Akoto pàdé akoto. Ta lo fẹ́ bá wí níbẹ̀? Ọmọ onírun pupa ni mo bá wí, ó sì wà nílé ìyá rẹ̀ báyìí, ó ń jẹun.

Àwọn rẹfirí ju aṣọ yẹ́lò ẹ̀sùn wọn sílẹ̀. Wọ́n ní ìforísọni. Pé Marquel mú àtàrí akoto rẹ̀ sọ ẹni tí kò lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Bí èèyàn bá jẹ̀bi ẹ̀sùn yẹn, lílé ni wọ́n ń lé e jáde, kò sí ẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò ó nínú fídíò. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó, wọ́n sì ń dẹ̀ ẹ́ kó máa falẹ̀. Ọmọ mi, kò sí ohun tí èèyàn ṣe tó bá ti ń falẹ̀ tí kì í jọ ìwà ìkà. Bí wọ́n bá ya Verdell ìyàwó mi níbi tó ti ń gé adìẹ dídín, tí wọ́n wá dẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀sùn ìpànìyàn kàn án.

Èmi náà ti wo fídíò yẹn, mi ò purọ́ fún ọ. Mo wò ó títí ojú fi ń ti tẹlifíṣọ̀n. Bí mo bá ti jẹun yó kí n tó wò ó, Marquel kò jẹ̀bi. Bí ebi bá ń pa mí, ó jẹ̀bi díẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ kò ju ìyẹn lọ.

Ṣùgbọ́n rẹfirí. Gbọ́ ohun tí rẹfirí ṣe. Ó lọ sí ẹ̀gbẹ́ pápá, ó gbé nǹkan sétí, ó ń gbọ́ àwọn tó wà nínú yàrá fídíò lókè, ó pẹ́ níbẹ̀ débi pé mo rò pé wọ́n ń ka Jẹ́nẹ́sísì fún un. Ó padà wá, ó tan ẹ̀rọ tó so mọ́ àyà, ohùn rẹ̀ bo gbogbo pápá, ó ní, "Lẹ́yìn àyẹ̀wò, ìdájọ́ náà dúró. Ẹ lé nọ́ńbà mọ́kànlélógún jáde." Ó ní ó dúró. O ò gbọ́ ohun tí mo wí ni? Má ranjú mọ́ mi, ìwọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù yìí ló yẹ kó mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá ń wò ó bóyá ẹnì kan mú bọ́ọ̀lù tàbí kò mú un, wọ́n lè ní ìdájọ́ dúró, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé a ò ríran tó, ẹ jẹ́ kó wà bó ṣe wà. Ìforísọni kò ní "dúró" nínú. Yálà kí wọ́n ní a ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀, tàbí kí wọ́n ní a fagi lé e. Bí o bá rí i kedere, lé ọmọ náà. Bí o ò bá rí i kedere, dá a padà sórí pápá. Òfin ni. Rẹfirí tiwa lọ bu ọ̀rọ̀ nínú ìkòkò mìíràn, ó sì fi lé ọmọ ọlọ́mọ jáde.

Wọ́n ní ahọ́n rẹ̀ ló yọ̀. Wọ́n ní yàrá fídíò fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ẹnu rẹ̀ ló ṣìsọ. Ó dáa. Èmi tí mo wa ọkọ̀ òkú, bí ọwọ́ mi bá yọ̀ lọ́jọ́ kan, tí mo gbé òkú ìdílé Tolliver lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tí ìdílé Peavy ti ń dúró de tiwọn, ṣé wọ́n á ní ọwọ́ Otha ló yọ̀, ẹ máa kọrin yín lọ?

Gbogbo ìlú wa ló ń jiyàn lórí ẹ̀. Cleophus Tarver, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ máa ń jẹun àárọ̀, ó wò mí lójú lórí tábìlì, ó ní, "Otha, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lo ń bá jà, ọmọ ẹlòmíràn sì ń fa ọbẹ̀ mu." Mo ní Cleophus, jẹ bísíkíìtì rẹ. Ó ní òun ń jẹ ẹ́. Mo ní kó jẹ ẹ́ kíákíá.

Jẹ́ kí n mí.

Ìdí tí mo fi di ọ̀rọ̀ yẹn mú nìyí. Mo gbé e lọ fún Marquel. Mo wakọ̀ lọ sí ibùgbé wọn ní Calloway, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, mo ní ọmọ mi, o ò jẹ̀bi, rẹfirí fúnra rẹ̀ ló fẹnu ara rẹ̀ sọ pé àwọn ò ríran tó. Ó wá ní, "Bàbá àgbà, kí ni mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ rẹfirí ṣe? Mo gbọ́ ìró ìkọlù náà." A borí yín lọ́jọ́ yẹn, o mọ̀ ọ́n, wọ́n sì lè lò ó ní àṣekágbá lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ìjìyà rẹ̀ ti parí pẹ̀lú eré ọjọ́ náà. Ó ti dá akoto padà fún kóòṣì. Kóòṣì bẹ̀ ẹ́, ó ní òun kò gbá mọ́. Kì í jẹun. Ọmọ tó jẹ́ pé bó bá wá sílé wa, Verdell máa ń fi kọ́kọ́rọ́ ti fíríìjì. Ó fi gbogbo adìẹ tí ìyá àgbà rẹ̀ dín sílẹ̀, ó ní òun ti yó. Ọmọ ogún ọdún.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, mi ò mọ ohun tí ẹ máa ń rò. Ṣùgbọ́n èmi mọ bí ara ṣe máa ń dùbúlẹ̀, iṣẹ́ mi ni. Bí o ṣe dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, tí ọwọ́ kan wà lábẹ́ rẹ, mo ti rí irú ẹ̀ rí, inú mi kò sì dùn sí i. Gbogbo àwọn ọmọ náà fi orúnkún kan kúnlẹ̀, tiyín tiwa. Marquel náà kúnlẹ̀, ó bọ́ akoto sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú, ó ń wò ọ́, ó ń retí kí o mira. Ibẹ̀ ló wà tí wọ́n fi ní kó dìde. Òfin ni, ẹni tí wọ́n bá lé kò gbọ́dọ̀ dúró sí ẹ̀bá pápá. Ọkùnrin kan mú un ní apá, wọ́n wọ abẹ́ àga àwọn òǹwòran lọ, ẹnì kan sì da ife kóòkì lé e lórí láti òkè.

Wọ́n wá gbé ọ sórí ọkọ̀ kékeré. Ọkọ̀ ń lọ. Ìwọ náà gbé àtàǹpàkò sókè. Ṣé o mọ ohun tí ìyẹn ṣe fún wa? Verdell sunkún, gbogbo pápá dìde, àwọn èèyàn yín ń pàtẹ́wọ́, àwọn èèyàn wa ń pàtẹ́wọ́, ẹni tó ń ta ẹ̀pà gbé igbá ẹ̀ sílẹ̀ kó lè pàtẹ́wọ́. Gbogbo èèyàn tó wà ní pápá Àtìláńtà lọ́jọ́ yẹn ló rí àtàǹpàkò yẹn. Ẹnì kan ṣoṣo tó nílò rẹ̀ ni kò rí i. Inú yàrá ìpààrọ̀ aṣọ ló wà, òun nìkan, kò sí tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó lọ sọ fún un, gbogbo wọn ti padà sídìí bọ́ọ̀lù. Títí wọ́n fi wọlé wá sinmi, ó gbà pé òun ti pa ọ́.

Ìyẹn ni ẹjọ́ tí mo ní pẹ̀lú wọn. Ẹ lé e, ó dáa, ẹ ní ẹ lágbára. Kí ló ṣe tí wọn ò lè jẹ́ kó dúró kó rí i pé o mira? Kí ló máa ná wọn? Èmi pàápàá, bí mo bá gbé òkú, mo máa ń dúró kí ẹbí wò ó.

Mo fi fídíò àtàǹpàkò hàn án lórí fóònù. Ó ní, "Bàbá àgbà, ẹni tí ọrùn ẹ̀ ti kán pàápàá máa ń gbé e sókè. Kóòṣì ló kọ́ wa, kí ìyá wa lè fọkàn balẹ̀." Mo ti fóònù bọ àpò.

Òun ló wa ọkọ̀ gbé mi wá síbí. Bẹ́ẹ̀ ni. Ó wà nísàlẹ̀, ní ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ó ní òun máa dúró ti ọkọ̀. Mo ní ta ló fẹ́ jí i, ọkọ̀ tí olè ti wò láti ẹ̀yìnwá tí wọ́n ń mi orí. Kò rẹ́rìn-ín. Mi ò wá bẹ̀ ọ́ pé kí o dárí jì í. Bóyá o ń bínú sí i, ẹ̀tọ́ rẹ ni, wáyà kò dùn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bínú sí i lójú ẹ̀. Jẹ́ kó rí ọ, kó rí i pé o ń ṣẹ́jú. Ṣáà fi ọwọ́ rẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ni fún mi, màá lọ mú un gòkè wá, bí ó bá kọ̀, màá wọ́ ọ.

Kí lo ń ṣe? Fi ẹsẹ̀ rẹ padà sábẹ́ aṣọ. Mo ní kí òun gòkè wá, mi ò ní kí ìwọ sọ̀ kalẹ̀. Brecken. Ìyá rẹ á pa mí, ọkọ̀ tí mo ń wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n á sì fi gbé mi. Ó dáa, ó dáa, rọra, di èjìká mi mú. Òtútù wà níta, wọ kótì mi. Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o, a ò lọ jìnnà. Kì í ṣe èmi ló ní kó dìde, ẹ bi í. Mo mọ̀ pé kò lè fèsì, ìyẹn ni mo ṣe ní kí ẹ bi í. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ aláìsàn wá nígbà náà, kí ẹ sì tì í fúnra yín, orúnkún mi kò lè tì í.

Jókòó dáadáa. Ọkọ̀ aláwọ̀ ewé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kan pupa ni. Marquel á ti dorí kodò sórí ọwọ́ ìdarí ọkọ̀, kò ní rí wa bí a ṣe ń bọ̀. Má dúró de ìgbà tó bá gbójú sókè o. Kan gíláàsì ọkọ̀ yẹn. Má rọra kàn án.