Wákàtí Kan Péré

Halelúyà! Ẹ̀yin ará, èyí kéré o, ẹ tún un ṣe! Halelúyàaa! Ọlọ́run tó yọ mí kúrò nínú irọ́ tí mo fẹnu ara mi pa, Ìwọ ni mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ.

Sámúẹ́lì lorúkọ mi. Akọ̀wé ni mí tẹ́lẹ̀ nílé iṣẹ́ kan tó ń kó ọkọ̀ àlòkù wọlé lẹ́bàá èbúté. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni ọ̀gá pè wá jọ. Ó ní, "Ẹ má bínú. Ọjà ò wọlé mọ́. Kí kálukú máa lọ sílé." Ọdún mẹ́sàn-án, ẹ̀yin ará! Gbólóhùn mẹ́ta ló fi parí ẹ̀.

N kò lè sọ ọ́ nílé. Bàbá ìyàwó mi wà lọ́dọ̀ wa, ó wá tọ́jú ojú láti Pobè. Bàbá yìí ló sọ, nígbà tí mo wá tọrọ ìyàwó, pé òun kò ní fọmọ fún ẹni tí kò níṣẹ́. Mo bá ń jáde láràárọ̀ bí ìgbà tí mo ń lọ sí búrò. Mo ń fi áyọ́ọ̀nù lọ ṣẹ́ẹ̀tì mi ju ti ìgbà tí mo níṣẹ́ gan-an lọ! Bí mo bá wáṣẹ́ títí tó sú mi, màá lọ jókòó sẹ́bàá ògiri pápákọ̀ òfuurufú ní Cadjèhoun, kí ilẹ̀ lè ṣú. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ilé wa sì wà lára àwọn ilé tí ìjọba ń yẹ̀ wò láti mọ iye ẹni tó níṣẹ́. Oṣooṣù ni arábìnrin kan ń wá. Á ní, "Mùsíọ̀, láàárín ọjọ́ méje sẹ́yìn, ṣé ẹ ṣiṣẹ́, ì báà jẹ́ wákàtí kan péré?" Ó ní kí àwa méjì nìkan sọ̀rọ̀. Ta ni yóò ní kí bàbá ìyàwó òun dìde lórí àga? Bàbá jókòó, ó ń jẹ pákò, ó ń gbọ́.

Mo ní, "Mo ṣiṣẹ́ o! Látàárọ̀ dalẹ́!" Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Lóṣù kejì, irọ́ kan náà ni. Rédíò wá ní àwọn tí kò níṣẹ́ ti dín kù lóṣù yẹn. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọ̀lẹ nìkan ló kù!" Èmi wà lára àwọn tó mú un dín kù!

Oṣù kẹta pé. Ìyàwó mi ń tú aṣọ òkìrìkà tó rà lọ́jà Missèbo. Arábìnrin náà béèrè, "Ì báà jẹ́ wákàtí kan?" Mo la ẹnu láti purọ́, ẹkún ló jáde. Mo ní, "Rárá. Ó ti pé oṣù mẹ́ta."

Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ ìyàwó mi. Bàbá dìde, ó wọ yàrá. Mo ní ó tán, ẹrù ló lọ dì, yóò mú ọmọ rẹ̀ lọ. Fóònù ló gbé jáde!

Ó ní, "Sámúẹ́lì! Ọmọ àbúrò mi tó ń fi ọkọ̀ kó ẹrù lọ́jà Dantokpa ń wá akọ̀wé tó gbọ́ Faransé, Fọ̀n àti Yorùbá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bi mí. Mo ní àna mi níṣẹ́ gidi lọ́wọ́! Ó ti rí ẹlòmíràn, ọ̀la nìyẹn ń bẹ̀rẹ̀."

Ó pè é, kò gbé e. Ó tún pè é. Jésù! Ẹ̀ẹ̀kẹta ni wọ́n gbé e. Bàbá bẹ̀bẹ̀, bàbá tí kì í bẹ ẹnikẹ́ni! Ọkùnrin náà ní, "Ẹni tí mo rí ò gbọ́ Fọ̀n. Kó máa bọ̀ báyìí." Mo fò sórí alùpùpù zémi, mi ò rántí bàtà.

Ẹ yin Olúwa! Mo ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Arábìnrin yẹn wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní kó bi mí lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jáde láràárọ̀ láìníbi tẹ́ ẹ ń lọ, ẹ sọ fún ẹnì kan kẹ́ ẹ tó kúrò níbí lónìí. Ẹ má rò pé mi ò mọ̀ yín. Mo ń rí yín láti ibi tí mo dúró sí yìí. Ṣẹ́ẹ̀tì yín ti dán jù.